Okùn Ọwọ́ Lìádì

"Lìádì, má fi okùn yẹn sílẹ̀ o!"

Àlejò ará Ìbàdàn tó wá kí ìdílé Lìádì ti jókòó sínú ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó ẹ̀gẹ́, ó di etí pákó mú gírígírí. Òun náà ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi gbé òun sọ̀ kalẹ̀ òkè Erunmu. Okùn tí Lìádì ń fà sẹ́yìn nìkan ni bíréèkì. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, títì ni, lọ́rì ń sáré kọjá níbẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ṣé mo fẹ́ ṣẹ̀wọ̀n ni? Ikú nìkan ló lè gba okùn yìí lọ́wọ́ mi."

Ni wọ́n bá ń sọ̀. Òkúta ń ta lábẹ́ táyà, àlejò ń pariwo, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe yà ní kọ́nà, bàbá àgbàlagbà kan yọ látinú oko.

"Lìádì nìyẹn?"

"Yéè! Bàbá ìyàwó mi!"

Àlejò gbọ́ gbì lẹ́yìn. Ọmọlanke bá fò yọ bí ewúrẹ́ tó já okùn.

"Lìádì! Okùn! Okùn!"

Lọ́rì kan fun fèrè. Àlejò pe Ọlọ́run, ó pe ìyá ẹ̀, ó dijú. Gbàgà! Orí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ létí títì ló bá ara ẹ̀.

Ó tu èèpo lẹ́nu, ó gbójú wòkè. Lìádì ṣì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ìyàwó ẹ̀ ò tíì ní kó dìde.

"Ìyá ẹ ńkọ́? Àwọn àbúrò ẹ ńkọ́? Àlejò yín ńkọ́, ṣé ara ẹ̀ le?"