Ìbọn Tí Kì Í Tọrọ Àṣẹ

Ògúnṣeyè alágbẹ̀dẹ rọ ìbọn náà ní ìwọ̀n ọta tó dínwó jù lọ́jà, nítorí Ìyá Ọdẹ́bùnmi tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ fẹ́ máa yìn ín lójoojúmọ́. Ó fa irin tó ń ti ọta wọlé sẹ́yìn, ó tì í padà, ó gbé e fún un.

“Ìyá, èyí kò ní bá yín wá ẹran o, kò sì ní tọrọ àṣẹ kó tó dún.”

“Èyí tí ìjọba fún wa kì í tàsé,” ni ìyá ọdẹ náà dáhùn. “Láti ọdún mẹ́fà, n kò lè sọ pé èmi ni mo pa ẹran kan.”

Ó yìn ín sí akèrègbè lórí òkúta. Ọta gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ògúnṣeyè rò pé inú yóò bí i, àmọ́ ẹ̀rín ni ìyá ń rín bó ṣe ń ki òmíràn.