Ìrìn Àjò Máyọ̀wá sí Malta

“Máyọ̀wá ṣì wà ní Malta, Màámi. Àwọn mùsíọ́mù ibẹ̀ ló ń wò kiri.”

Inú basement tó háyà ní Penbrooke Meadows, ní ìlú Calgary ní Kánádà, ni ẹ̀gbọ́n Máyọ̀wá tó jẹ́ ẹnjiníà jókòó sí. Snow ti bo fèrèsé. Ó ń ka ohun tí wọ́n kọ nípa Malta lórí kọ̀ǹpútà sétí ìyá rẹ̀ ní Iléṣà lórí fóònù. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, iléeṣẹ́ dá òun àti Máyọ̀wá àbúrò rẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan náà. Ìrònú yẹn ló pa Máyọ̀wá, Calgary níbí ni wọ́n sì sin ín sí. Ẹbí ní etí ìyá kò gbọdọ̀ gbọ́ ikú ọmọ, ni wọ́n bá fi ẹnu lásán rán òkú lọ sí Malta, ìlú tó máa ń wù ú láti rí. Ìyá kò sì tíì ní kí wọ́n fún òun ní Máyọ̀wá lórí fóònù rí. Ẹnjiníà rò pé ogbó ni.

“Kí ló rí lónìí?” ni ìyá béèrè.

“Ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan. Góòlù ló kún ara ògiri rẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sin àwọn jagunjagun sí, wọ́n sì fi òkúta mábù aláràbarà bo sàréè kọ̀ọ̀kan.”

Ó ti kà á tán kó tó mọ ohun tó jáde lẹ́nu òun.

Ohùn ìyá kò gbọ̀n rárá.

“Sàréè Máyọ̀wá ńkọ́, ọkọ mi? Ṣé òkúta wà lórí tiẹ̀ náà?”