Àmín Tó Yá Jù

Láràárọ̀ ni Mosúnmọ́lá àti ọkọ rẹ̀, Adégòkè, tó ń ṣiṣẹ́ kùsà lórí òṣùpá, máa ń gbàdúrà pọ̀ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, tó bá gbàdúrà tán, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta gbáko kí àmín ọkọ rẹ̀ tó ti òṣùpá dé. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà ti tún un ṣe, kò tíì ní pa ẹnu dé tí àmín á ti dún ketekete, bí ẹni pé orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n jọ wà. Inú rẹ̀ dùn sí i.

Láàárọ̀ yìí, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ló bá ṣi àdúrà gbà.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún fojú kan ara wa."

"Àmín o!" ni ohùn ọkọ rẹ̀ dáhùn tayọ̀tayọ̀.

Adégòkè kò jẹ́ ṣe àmín sí irú àdúrà yẹn. Ẹ̀rọ ló ń dáhùn! Ó ti kọ́ ohùn Adégòkè, kò dúró dè é mọ́. Mosúnmọ́lá ṣí ètò ẹ̀rọ náà, ó rí i pé òdo ni wọ́n fi ìdúró sí láìbéèrè lọ́wọ́ òun. Ó dá a padà sí mẹ́ta, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ tún àdúrà burúkú náà gbà.

Ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó ń retí.

"Ká má rí i! Mosún, irú àdúrà wo nìyẹn?" Ikọ́ eruku gbé Adégòkè, ó wú u títí.

Omi bọ́ lójú obìnrin náà.

"Bàbá Ìbídùn," ó pe ọkọ rẹ̀, "ẹ kú àtijọ́ o."