Ìbéèrè Adégoróyè

Ní kíláàsì lítíréṣọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ayélàágbé ní Òkèhò, akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ èrò tirẹ̀ sójú ewé ìjíròrò orí ayélujára láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè àtijọ́ kan tí kò tíì rí èsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mojírádé fọwọ́ kan ojú tábìlì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan sì yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Adégoróyè ló kọ ọ́ lọ́dún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nípa ìtàn kan tí wọ́n ṣì ń kà ní kíláàsì náà: "Kí ló dé tí ìyá inú ìtàn yìí ò sunkún nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń lọ? Ṣé kò fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

Mojírádé ronú títí, ó wá kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé ó pẹ́. Lọ́jọ́ tí bàbá mi lọ, màámi ò sunkún. Gbogbo aṣọ ilé ni wọ́n fọ̀, títí kan èyí tó mọ́. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń sunkún nìyẹn."

"O káre láé," ni Ọ̀gbẹ́ni Ayélàágbé wí. "Ìwọ lo mọ ìwé kà."

Aago ò tíì lù tí èsì fi dé láti Kánádà, níbi tí Adégoróyè ti ń ṣiṣẹ́ kápẹ́ńtà. Tíṣà kà á sókè:

"Ọmọ dáadáa, ọ̀rọ̀ ìyá tèmi ni mò ń béèrè nígbà yẹn. Láàárọ̀ tí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, iyán ni ìyá mi ń gún. Gbogbo ilé ti yó, wọn ò dẹ́kun iyán gígún. Wọ́n ṣì wà láyé o. Jẹ́ kí n lọ pè wọ́n."