Bátìrì Sólà Tí Sàníù Gbé Lọ Sílé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1. Ní abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé, ilé ìwòsàn kékeré kan wà tí kò níná rí. Àtùpà ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé sólà sórí òrùlé rẹ̀, ara tu gbogbo èèyàn. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹnikẹ́ni ò wá epo kiri mọ́, oòrùn Ọlọ́run ló ń ṣiṣẹ́. Fìríìjì ń tutù tọ̀sán-tòru, abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé àti abẹ́rẹ́ oró ejò wà nínú rẹ̀. Sàníù, tó mọ iṣẹ́ iná díẹ̀, ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá bátìrì. Ìyá rẹ̀ a máa fi yangàn pé, "Ọmọ mi ló ń ṣọ́ iná wa."

2. Fàdìlàt, ìyàwó Sàníù, ń ta mínírà, ṣùgbọ́n bátìrì sólà ilé wọn ti gbó, fìrísà rẹ̀ kì í dì. Ojú ọkọ rẹ̀ wọ bátìrì ilé ìwòsàn. Ó gbé e lọ sílé, ó fi ògbólógbòó tirẹ̀ rọ́pò. Fìrísà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dì gbagidi.

Fàdìlàt bi í pé, "Níbo lẹ ti rí bátìrì yìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ló fún mi."

Kò pẹ́, nọ́ọ̀sì Títílọpẹ́ ránṣẹ́ pè é. "Ẹ̀gbọ́n, fìríìjì wa ò tutù mọ́. Mo ti da gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀ nù. Wọn ò sì ní kó òmíì wá àfi tó bá tutù."

"Ìkùukùu ló bo oòrùn. Bí sólà ṣe ń ṣe nìyẹn."

Àwọn ará abúlé gbà á gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀tàn ni sólà. Sàníù ń gbọ́, ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi, síbẹ̀ kò dá bátìrì padà.

3. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Sàníù ń fa gbágùúdá tu lóko. Paramọ́lẹ̀ bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Sàníù pọ̀n ọ́n, ó sáré dé ilé ìwòsàn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gún wọn lábẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ wo? Ṣebí mo sọ fún yín pé mo ti dà á nù."

Sàníù jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá rẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Má dá ara rẹ lẹ́bi, ọmọ mi. Ìkùukùu ló fà á."

4. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé ìyá lọ sí Ìbàdàn. Kí wọ́n tó débẹ̀, oró ti ràn. Kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Sàníù dá bátìrì padà. Ó dọ̀bálẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ó jẹ́wọ́ níṣojú gbogbo èèyàn. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fìríìjì tún ń tutù. Ìyá rẹ̀ ní òun ti dárí jì í. Àmọ́ láràárọ̀, tí Sàníù bá gbé e jáde síta, ìyá á ní, "Ọlọ́run á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú mi." Sàníù ò tíì lè ṣe àmín.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ohun gbogbo ìlú sí níkàáwọ́, ẹ má sọ ọ́ di tiyín. Ẹ má sì purọ́ mọ́ oòrùn tí kò ṣẹ̀ yín. Ẹ ò mọ ẹni yín tí yóò nílò rẹ̀ lọ́la. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.