Bàbá Fiacre Gbé Iṣẹ́ Sílẹ̀, Kò Gbé Ọwọ́ Kúrò

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ kà á tán ná. Pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti fọwọ́ ara yín dá nǹkan sílẹ̀ rí.

1.
Ní Àjàṣẹ́, ní àdúgbò Houinmè, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Fiacre Olúṣọlá, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Òun ló dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ìjọ Kristẹni. Orúkọ ètò náà ni Agbo. Orí fóònù ni wọ́n ti ń lò ó: ó ń sọ orin tí ìjọ yóò kọ, ó ń rán wọn létí ìpàdé, ó sì ń kí ọmọ ìjọ tó bá ń ṣe ọjọ́ ìbí.

Ìyàwó Bàbá ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Faransé. Ilé rẹ̀ dákẹ́ débi pé ó máa ń tan rédíò sílẹ̀ kó tó jáde, kí ohùn kan lè pàdé rẹ̀ nígbà tó bá dé.

2.
Nígbà tí ara ń fà sẹ́yìn, Bàbá ní òun yóò fi iṣẹ́ lé Prisca lọ́wọ́, obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Pásítọ̀ wá. Bàbá gbé ọwọ́ lé Prisca lórí níwájú Ọlọ́run àti èèyàn, ó da òróró sí i lórí, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì. Gbogbo wọn sunkún ayọ̀.

Ṣùgbọ́n Agbo ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ lè ṣe àyípadà kéékèèké láìlò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nìkan ló lè yí gbogbo Agbo padà láti ibikíbi.

"Bàbá, ẹ ò tíì fún mi ní ọ̀rọ̀ yẹn o," Prisca wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Ṣé ọ̀run ni mò ń lọ ni? Bó o bá fẹ́ lò ó, pè mí."

Prisca rẹ́rìn-ín. Àwàdà ló pè é.

3.
Níbẹ̀rẹ̀, fóònù Bàbá ń dún ṣáá. Nígbà tó yá, ó dákẹ́, torí Prisca mọ iṣẹ́ náà. Bàbá bá múra lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan. Ó rí i pé wọ́n ti fi orin Ègùn kún orin Yorùbá, wọ́n sì ti tún ojú ìwé àkọ́kọ́ ṣe. Kò sẹ́ni tó bi í.

Arsène, aláwàdà wọn níbi iṣẹ́, fò dìde. "Bàbá, ẹ kú ìsinmi o! Ẹ̀yin ti di àlejò wa báyìí!"

Ló bá gbé omi àlejò wá fún un.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì mu omi náà. Omi tí à ń fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé ni wọ́n fún un nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ náà lórí fóònù rẹ̀, ó da ojú ìwé àkọ́kọ́ rú. Ilẹ̀ mọ́, fóònù dún. "Bàbá, nǹkan ń ṣe Agbo!" Ó lọ, ó jókòó, ó tún un ṣe.

"Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Bàbá!"

Ó dùn mọ́ ọn. Ó tún un dà rú lọ́sẹ̀ kejì. Ó sì di àṣà.

4.
Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ìfura já lé Arsène lórí, torí àwàdà rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Bàbá wá tún Agbo ṣe, bí wọ́n ṣe di ọwọ́ ara wọn mú láti gbàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Prisca ní, "Olúwa, ẹni tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ láàárín wa, fi í hàn!"

"Àmín!" Ohùn Bàbá ló ròkè jù.

Arsène dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

Bàbá wo ilẹ̀. "Ọmọ mi, fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Arsène kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ yẹn ni ì bá ti dúró. Kò dúró.

5.
Nígbà tí ìkórè ku ọ̀la, Bàbá dá gbogbo Agbo padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tó fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n sáré wá pè é kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Kò rántí pé àwọn kan ti kú látìgbà náà. Orúkọ wọn padà sáàárín àwọn alààyè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkórè, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù ọkùnrin kan ní Sèmè-Kpodji: "Màmá Clémentine, ẹ kú ọjọ́ ìbí. Ìjọ ń retí yín lónìí." Ìyàwó rẹ̀ ni, fóònù kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Iyẹ̀pẹ̀ sàréè obìnrin náà kò tíì gbẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin náà dúró ní ọ́fíìsì, ó na fóònù síwájú. "Ta ló kọ èyí sí mi? Èmi ni mo fọwọ́ mi bu iyẹ̀pẹ̀ lé e."

Prisca wádìí nínú ètò náà títí ó fi rí fóònù tó ṣe é. Ó lọ bá Bàbá nílé.

"Bàbá, ẹ̀yin ni."

"Mo kàn fẹ́ kí ẹ máa pè mí ni."

"Ẹ̀ bá ti sọ, Bàbá. À bá wá. Lójoojúmọ́, à bá wá." Omi ń dà lójú rẹ̀. "Arsène wá ńkọ́?"

Prisca gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó jáde.

6.
Àwọn ìjọ fi Agbo sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé Prisca. Ó lọ bẹ Arsène, wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ míràn níbòmíràn. Ilé iṣẹ́ padà di ti Bàbá nìkan pátápátá. Kò sẹ́ni tó ń bá a dù ú mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó lọ sí ìjọ kan ní Avrankou. Ẹfun ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà orin sára pátákó. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn dúró lẹ́gbẹẹgbẹ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Bàbá dá dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń fi ìka tẹ fóònù rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ pàtàkì dé bá. Fóònù náà ti kú. Kò sí iná nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ rèé o. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ lé èèyàn lọ́wọ́, ẹ fi gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé ẹ dá wà, ẹ la ẹnu yín, ẹ ní "Ẹ wá jókòó tì mí." Kì í ṣe ìtìjú. Ẹ má ba nǹkan jẹ́ kí wọ́n lè wá bẹ̀ yín, ẹ má sì jẹ́ kí aláìṣẹ̀ ru ẹ̀bi yín lọ. Ẹ̀yin ọmọ náà, bí àgbàlagbà kan bá wà tó kọ́ yín níṣẹ́, ẹ lọ kí i lónìí, kódà bí ẹ kò bá ní nǹkan tí ẹ ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi irọ́ pe èèyàn sọ́dọ̀ yóò pè títí, kò ní rí ẹni jẹ́ ẹ.