Sẹ́ẹ̀lì Tí Kò Yẹ Kó Kú

Sẹ́ẹ̀lì inú àwo kejì tún ti kú. Ọ̀gá gbé ojú kúrò lẹ́nu maikirosíkóòpù, ó wo Pẹ̀lẹ́ láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wo ìdọ̀tí.

"Ọwọ́ ẹ ò mọ́," ó ní. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé iṣẹ́ yìí dé ibi tó dé, ìwọ wá fẹ́ fi ọwọ́ ẹ̀gbin bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo láàbù ń pe obìnrin náà torí kì í sáré. Òun ló ń to àwọn ègé purotéènì kéékèèké tí wọ́n fẹ́ fi wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sàn. Ègé kọ̀ọ̀kan dé fìlà, tí fìlà bá sì wà lórí, kò lè ṣe nǹkan kan. Ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní jẹjẹrẹ tó máa ń gé fìlà náà bọ́. Bó bá ti bọ́, àwọn ègé á so mọ́ra wọn fúnra wọn, wọ́n á di okùn, okùn á sì fún sẹ́ẹ̀lì náà pa látinú. Sẹ́ẹ̀lì tó le, tí kò ní àìsàn, kò ní ohun tó ń gé fìlà. Kò yẹ kó kú.

Àwo kìíní jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì aláìsàn, ìyẹn ń kú bó ṣe yẹ. Àwo kejì, ti sẹ́ẹ̀lì tó le, ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ láàbù ló yẹ kí wọ́n máa lò fún un, àmọ́ ọ̀gá ò gbà ju ẹ̀jẹ̀ ti ara rẹ̀ lọ. Ó ní òun ò mọ ibi tí àwọn yòókù ń sùn sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn tó ń ná owó sí iṣẹ́ náà ń bọ̀ wá wò ó. Bí àwo kejì bá tún kú, iṣẹ́ parí nìyẹn, wọ́n á sì lé Pẹ̀lẹ́.

"Ẹ jẹ́ n fi ẹ̀jẹ̀ tèmi dán an wò, mà."

"Gbọ́ tẹnu ẹ! Ẹ̀bi ẹ lo fẹ́ dì lé ẹ̀jẹ̀ mi lórí?"

Nígbà tí ọ̀gá wọ ọ́fíìsì lọ sinmi pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn nínú ooru, bó ṣe ń ṣe lọ́sàn-án lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, Pẹ̀lẹ́ ní kí ẹnì kan bá òun fa ẹ̀jẹ̀. Ó to àwo kẹta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá tẹjú mọ́ maikirosíkóòpù. Àwo kejì ti kú. Àwo kẹta wà láàyè, kò sí ohun tó ṣe é.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, mà."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ pálábá ẹ ségi! Oògùn kan náà, ọjọ́ kan náà, tìẹ yè, tèmi kú. Ìwọ lò ń da májèlé sí tèmi! O fẹ́ kí n tẹ́, kó o lè gba ipò mi."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Kì í ṣe májèlé..."

"Pa ẹnu ẹ dé! Ọ̀dàlẹ̀! Jáde, kí n tó ní kí wọ́n wọ́ ẹ jáde."

Ó já káàdì ìwọlé gbà lọ́rùn rẹ̀, ó ké sí ẹ̀ṣọ́. Bí wọ́n ṣe ń mú Pẹ̀lẹ́ lọ ni àwọn àlejò ń wọlé. Ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, ó gbé àwo Pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni pé òun ló ni ín.

Lẹ́nu géètì, omijé ò dá lójú Pẹ̀lẹ́. Àánú ṣe ẹ̀ṣọ́.

"Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ pọ̀ láyé. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti bú u padà."

"Bọ̀dá, kì í ṣe iṣẹ́ ni mò ń sunkún sí," Pẹ̀lẹ́ ní, "ẹ bá mi sáré padà, ẹ sọ fún ọ̀gá pé oògùn yẹn ò pa sẹ́ẹ̀lì tó le rí, kí wọ́n lọ rí dókítà lónìí yìí."